Dísíìkì Tí Ọkọ Ìyàwó Pààrọ̀

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé ọkọ mi ní Yantala, àdúgbò kan ní Niamey, mi ò pe ọmọ ilé kankan lórúkọ rí. Ní Ìlọrin tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó tó bá ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Orúkọ tí ìyàwó bá fún wọn fúnra rẹ̀ ni yóò máa pè wọ́n. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi náà sì wo ojú kálukú dáadáa kí n tó fún un ní tirẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin, tí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ni mò ń pè ní Akọ̀wé. Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin, tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ ló máa ń kí ènìyàn, ni mò ń pè ní Eyínfúnjowó. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni Bàbá Sàfíyyà, torí Sàfíyyà lọmọ tí mo bí. Èmi ni mo ni ìyẹn, mo sì lè pariwo orúkọ rẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ lódìkejì odò.

Eyínfúnjowó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn bí a bá ṣe ń lọ. Ẹ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, tí Faransé ti gba ẹnu wọn tán, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé àtijọ́ ni mo wà. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Mi ò tíì rí ibi tí ìwà ọmọlúàbí ti pa ènìyàn.

Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mò ń ya fọ́tò, mò ń ya fídíò ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, mo sì ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí bàbá ọkọ mi rà fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè gbá inú ṣọ́ọ̀bù, kí n gbá ìta, kí n kí àwọn aládùúgbò tọ̀túntòsì, kó tó jí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ló ní àpò tirẹ̀ tí mò ń kó fọ́tò àti fídíò rẹ̀ sí, orúkọ tí mo sì ń fi ẹnu pè wọ́n ni mo kọ sára àpò náà. Kí ni kí n kọ? Ṣé orúkọ tí ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè ni ọwọ́ mi á wá máa tẹ̀?

Inú àpò Eyínfúnjowó ni àdúà Bàbá wà. Bàbá ọkọ mi jẹ́ àlùfáà, gbogbo ọmọbìnrin tó sì fi fọ́kọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé wọn lórí, tó ṣàdúà fún wọn kí wọ́n tó jáde nílé. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

Ó ní, "Ìyàwó, mi ò rò pé màá bá yín dé ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ kékeré yìí. Gba ohùn mi sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sìn ín lọ, ẹ jẹ́ kó gbọ́ àdúà tèmi náà."

Mo gbà á sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá wá kú, Eyínfúnjowó wà níléèwé ní Zinder. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé, wọ́n ti sin ín. Kò rí ojú Bàbá, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mi yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tí Bàbá fẹ́ bá a sọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án. Ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó òun lòun máa gbọ́ ọ, bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Mo tọ́jú ẹ̀. Inú fóònù mi ló wà. Olè ló yọ fóònù náà lápò mi ní ọjà Petit Marché níbi tí mo ti ń ṣa tòmátì, mo sì ń ṣépè fún un títí dòní.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ mi dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kó fídíò ìsọmọlórúkọ aládùúgbò wa kan sínú rẹ̀, ó kọ ọ́ sójú ní Faransé pé kò sí àyè mọ́. Ó ti yó dé ọ̀nà ọ̀fun. Fídíò ìsọmọlórúkọ kan péré ló kọ̀ yìí o! Níbo la máa wá kó ti ìgbéyàwó sí? Mo jókòó síwájú rẹ̀, mò ń wo ohun tí mo lè pa rẹ́, ojú mi ò gbà mí láti pa ẹyọ kan.

Ọkọ ìyàwó ló gbọ́. Sùfíyánù lorúkọ rẹ̀, òun ló fẹ́ Eyínfúnjowó, iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ló sì ń ṣe ní Kirkissoye, lẹ́yìn afárá. Niamey ni wọ́n bí i sí. Ọmọ dáadáa ni, àfi Yorùbá ẹnu rẹ̀ tó dà bí ìrẹsì tí wọn ò ṣa: ò ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń dùn, àfi kẹ́ẹ́! o ti gé òkúta jẹ. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Sàfíyyà pé kí a má ṣèyọnu, òun máa yọ dísíìkì inú ẹ̀rọ náà, òun máa fi èyí tó tóbi jù ú lọ dáadáa rọ́pò rẹ̀, ká sì má dá owó sọ́rọ̀ rárá.

Inú ìyá ọkọ mi dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn! Nígbà tí bàbá wọn fẹ́ mi, oko ìyá mi ló kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n kọ ebè títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Tí kò bá sí oko ní Yantala, kí ọkọ Kúbúrátù wá kọ ebè kọ̀ǹpútà."

Àwàdà ni Ìyá ń ṣe, ṣùgbọ́n Sùfíyánù ò mọ̀ pé àwàdà ni. Ó ti gbọ́ látẹnu ìyá tirẹ̀ pé ẹni tó bá ń ṣọ̀wẹ̀ àna kì í dá lọ. Bí mo ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, gbogbo wọn ti ká apá aṣọ sókè. Géńdé mẹ́ta ló wá tú ẹ̀rọ tí ọwọ́ kan lè gbé! Ọ̀kan ń mú iná tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan tẹ́ fìlà rẹ̀ kalẹ̀ láti máa kó súkúrù sí, Sùfíyánù wá ń tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tú aṣọ ara ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eruku tó wà níbẹ̀ tó ìyẹ̀fun jéró tí a lè fi ro túwó fún odindi ilé. Ojú tì mí. Mo ní ọyẹ́ ló gbé e wá, wọ́n ní àwọn mọ̀, wọ́n sì ń wo ara wọn láàbọ̀ ojú.

Ẹni tó bá wá ṣọ̀wẹ̀, ó di dandan kó jẹun. Ìyá ti rán mi lọ ra ẹja odò, ó ní kí n dín in, kí n dín in dáadáa, kí ilé àna má baà sọ pé a háwọ́. Ìdí epo gbígbóná ni mo wà lẹ́yìn ilé nígbà tí Sùfíyánù ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Tàǹtí! Dísíìkì tuntun ti wà ní àyè ẹ̀, ça marche, ó ń ṣiṣẹ́. Àtijọ́ yìí ló ti rẹ̀ o. Ó ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́. Tí mo bá ní kí n kó gbogbo inú ẹ̀, a máa wà níbí dọ̀la. Èwo ni kí n kó?"

Epo ta sí mi lápá. Mo pariwo padà, "Kó gbogbo tilé! Fi iṣẹ́ àwọn oníbàárà àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n ti gba tiwọn lọ!"

"D'accord, mo ti gbọ́, Tàǹtí!"

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ fún un. Ó ṣe kedere àbí kò ṣe kedere? Kó tilé, fi ti oníbàárà sílẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún márùn-ún á lóye ẹ̀.

Wọ́n ṣe é, ó parí, wọ́n jẹ ẹja wọn, wọ́n fọwọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, Ìyá súre fún wọn títí ó fi rẹ̀ wọ́n níbi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí. Sùfíyánù wá fi dísíìkì àtijọ́ náà hàn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Tàǹtí, ṣé kí n máa mú un lọ? Màá nù ún mọ́ tónítóní, màá fi sínú ẹ̀rọ ìyá mi, kí wọ́n máa fi wo fọ́tò ìgbéyàwó." Mo ní kó mú un, kí Ọlọ́run bù sí i. Kí ni mo fẹ́ fi dísíìkì tó ń pariwo ṣe? Ó gun alùpùpù rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun tiwọn, wọ́n gba ọ̀nà afárá lọ.

Mo tan ẹ̀rọ. Kí n tó fa àga mọ́ra, ó ti jí. Àyè tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé mo dá rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Eyínfúnjowó ti wọlé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lálì sí i lọ́wọ́, wọ́n fi ọ̀rá wé e, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọkọ mi."

Mo ní kó jókòó. Mo ṣí ibi tí Sùfíyánù kó nǹkan wa sí. Sàfíyyà wà níbẹ̀. Àwọn àbúrò mi ní Ìlọrin wà níbẹ̀, lórúkọ lórúkọ. Ìyá tó bí mi wà níbẹ̀. Mo wá Akọ̀wé, mi ò rí i. Mo wá Eyínfúnjowó, mi ò rí i. Mo tún un wá.

Ojú ẹsẹ̀ ni ó yé mi. Mo ní kó kó tilé, ó sì wo ohun tó bá ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, ó kó o. Sàfíyyà, orúkọ ènìyàn nìyẹn. Ta ni Eyínfúnjowó lójú ọmọ tí wọ́n bí sí Niamey, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé wa bọ̀? Ta ni Akọ̀wé? Gbogbo ọmọ ilé tí mo sọ lórúkọ pátá ló fi sílẹ̀ bí iṣẹ́ oníbàárà, ó sì ti gbé wọn lọ síbi tó ti fẹ́ nù wọ́n kúrò.

Ọmọ náà ti rí ojú mi. Ó ní, "Ohùn Bàbá dà?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ Sùfíyánù. Ó wà nínú èyí tó mú lọ."

"Èyí tó ní òun máa nù mọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó lálì wà lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ pé, "Ìyàwó wa, tí mi ò bá gbọ́ àdúà Bàbá, mi ò ní í kúrò nílé yìí. Ẹ sọ fún wọn." Ọmọ yìí máa ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ Bàbá ṣẹ̀fẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Mo pe fóònù Sùfíyánù. Fóònù náà dún lábẹ́ tábìlì mi. Ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ níbi tó ti ń so wáyà.

Eyínfúnjowó fò dìde, ó ní òun fúnra òun ń lọ. Ìyá, tí ariwo wa ti mú jáde, dínà ilẹ̀kùn. "Kúbúrátù, níbo? Pẹ̀lú lálì lọ́wọ́? Ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọkọ lọ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa sìn ín!" Bàbá Sàfíyyà wà níbi iṣẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó lè lọ. Mo fa híjáàbù bọrí, òórùn ẹja ṣì wà lára mi, ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà fún mi.

Takisí tí mo wọ̀, ó bá ràkúnmí tó ru koríko pàdé lórí afárá. Ràkúnmí náà wà láàárín ọ̀nà, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun, gbogbo ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ fun fèrè. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Haba Hajiya, sai haƙuri." Sùúrù! Mo ní kó bá mi sọ ọ́ fún ràkúnmí náà, kó ní sùúrù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sáré rárá.

Mo dé ilé wọn ní Kirkissoye. Mo ṣe sàláámù, mo wọlé. Ìyá Sùfíyánù wà lágbàálá, ó ń ká aṣọ tó ń tà. Bó ṣe rí mi, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìyàwó ilé àna, tó dá wá, láìránṣẹ́ ṣáájú, nígbà tí ìgbéyàwó ti dé tán, híjáàbù sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ fún mi torí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gba ọmọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ìyá tó bí mi lọ, ṣé mo lè wá dúró lórí rẹ̀? Èmi náà kúnlẹ̀. Àwa méjèèjì wà lórí eékún, ẹnì kan ò sì fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa. Ṣé àlàáfíà lẹ bá wá?"

"Àlàáfíà ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, Sùfíyánù..."

"Ìyá wa ńkọ́ nílé?"

"Wọ́n wà, mà. Dísíìkì tí Sùfíyánù..."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Kúbúrátù wa ńkọ́?"

"Dáadáa ni, mà. Ẹ jọ̀wọ́..."

"Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ kú làálàá. Ẹ kú ooru yìí o. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

Àna kì í sọ ohun tó bá wá láìtíì mu omi. Mo mu ún ní kíákíá, ó fẹ́ pa mí lórí. Nínú ọkàn mi, mò ń rí ọwọ́ Sùfíyánù nínú yàrá tó ń tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Mo bú gbogbo ẹ kú, mo bú ẹni tó dá a sílẹ̀, mo sì ń wí lẹ́nu pé, "Ẹ ṣé o, mà, ẹ kú ìtọ́jú." Ìyá náà wá súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má fi pa mọ́ fún mi, ẹ̀yin àna mi. Ṣé ẹ ò fẹ́ ṣe é mọ́ ni?"

Kí n tó dá a lóhùn, Sùfíyánù sáré jáde láti inú yàrá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn níwájú mi, irin tó fi ń tú súkúrù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Tàǹtí! Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ máa wá."

"Dísíìkì dà?"

Ó gbé orí sókè nílẹ̀. "Ó wà nínú yàrá. Mo fẹ́ nù ún báyìí ni. Ẹ̀rọ ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, mo wá gbọ́ ohùn yín pẹ̀lú màámá níta. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá kí yín ná, kí n tó dá a lóhùn."

Mo jókòó pẹ̀ẹ́ sórí iyanrìn, mo bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Ìkíni tí mò ń bú láti ìgbà yìí ni kò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́! Ká ní mo já wọlé láìkí ẹnikẹ́ni ni, kí ó tó mọ̀ pé àlejò dé, yóò ti dá ẹ̀rọ náà lóhùn. Ìyá Sùfíyánù ń wò mí bóyá orí mi pé. Ìgbà tí mo sinmi ẹ̀rín ni mo tó rò fún wọn: ohùn Bàbá, orúkọ tó wà lára àpò, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ pé òun ò ní í kúrò nílé.

Sùfíyánù gbé ọwọ́ lérí. "Mo wá Kúbúrátù! Tàǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Rien, mi ò rí nǹkan kan! Mo rò pé ẹ ti kó tiẹ̀ síbòmíràn. Akọ̀wé, mo rò pé ìwé tí ẹ tẹ̀ fún ọ́fíìsì kan ni. Eyínfúnjowó yẹn, mo rò pé oníbàárà yín kan tó ń ta pákò ni."

Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́yìn gbàmù. "Pákò! Ṣé wọn ò wá jẹ́ ìyàwó ilé ni? Báwo ni wọ́n ṣe máa kọ orúkọ ọmọ ọkọ wọn sára nǹkan? Èmi náà ńkọ́, ìwọ ti gbọ́ kí n pe àbúrò bàbá ẹ lórúkọ rí? Adúmáadán kọ́ ni mò ń pè é?"

Sùfíyánù wò ó, ẹnu rẹ̀ ò pa dé. "Tonton Adúmáadán? Ṣé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn ni?"

Ìyá rẹ̀ di ẹnu mú, ó wò mí, èmi náà wò ó, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Ó dìde, ó fà mí dìde, a wọlé. Ìbéèrè náà ṣì wà lójú ẹ̀rọ. Mo ní kí Sùfíyánù dá a lóhùn lójú mi. Ó tẹ rárá. Ó ṣí àpò Eyínfúnjowó fún mi, mo rí ohùn Bàbá níbi tí mo fi sí, a ò sì tàn án.

Ó fi tówẹ̀lì wé dísíìkì náà, ó gbé e sí àyà, ó ní òun ò lè fi alùpùpù gbé e mọ́. Takisí la jọ wọ̀ padà sí Yantala. Ìyá ti ti Eyínfúnjowó mọ́ yàrá kí ọkọ rẹ̀ má baà rí lálì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa.

Ó pariwo láti ojú fèrèsé, "Ìyàwó wa, ṣé ó wà?"

"Ó wà!"

Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú oríire láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Sùfíyánù ò béèrè èwo ni kó kó. Gbogbo rẹ̀ ló kó sínú dísíìkì tuntun, àti tilé àti ti oníbàárà, ó jókòó tì í títí ó fi parí, ó sì tún ṣe ẹ̀dà àdúà náà sínú fóònù mi, sínú fóònù Bàbá Sàfíyyà àti sínú fóònù tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti so yìgì láàárọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn takisí tó máa sin ìyàwó lọ sí Kirkissoye ti tò síta. Mo gbé ẹ̀rọ mi jáde sí àgbàlá, mo so gbohùngbohùn mọ́ ọn. Eyínfúnjowó jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, ìbòjú bò ó lórí. Láti àárọ̀ kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Kúbúrátù, ọmọ mi. Ilé tí ò ń lọ yìí, ire lo máa bá níbẹ̀."

"Àmín."

"O ò ní í kábàámọ̀ ọjọ́ tí o wọ̀ ọ́. Ẹkún tí o bá máa sun níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni yóò jẹ́."

"Àmín!"

"O ò ní í sú ọkọ rẹ, òun náà ò ní í sú ọ. Àwọn ọmọ tí o máa bí, ẹnu rẹ ni wọ́n á ti mọ̀ mí."

"Àmín o!" Ìyá Sùfíyánù lohùn rẹ̀ ròkè jù.

"Mi ò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà lórí rẹ."

Ìbòjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ti parí, mo na ọwọ́ láti pa á. Bàbá mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jìnnà díẹ̀, torí pé ó ti yíjú sí mi nígbà náà, ó rò pé mo ti pa ẹ̀rọ.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyàwó. Kúbúrátù dà gan-an? Ṣé ọmọ yẹn tiẹ̀ ti jẹun?"

"Àmín!" ni gbogbo àgbàlá dáhùn.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé wọn. Ẹ̀rín wá bẹ́ sílẹ̀, àwọn àgbà ń na ara wọn lẹ́yìn, Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó bu ìrẹsì àti ẹran sínú àwo, ó wá jókòó síwájú ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ìbòjú náà sókè.

Ó ní, "Bàbá ẹ ní ṣé o ti jẹun."

Ọmọ náà ò wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ ló wò.

Ó ní, "Mi ò tíì jẹ, Bàbá."

Ìyá bu òkèlè àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn awakọ̀ takisí ń fun fèrè níta, oòrùn sì ń lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ìyàwó dìde títí ó fi jẹ ẹ́ tán.